Tẹlifíṣọ̀n nínú Igbó Iwin: Àyẹ̀wò Ọgbọ́n Ìsọ̀tàn Amos Tutuola

Amos Tutuola, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1920, tí ó sì di olóògbé ní 1997, kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì ṣe ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tí kò gún ni àwọn lámèyítọ́ kọ́kọ́ bá jà. Àwọn mìíràn ní àlọ́ àti ìwé Fágúnwà ni ó kàn tún sọ. Àríyànjiyàn yìí ti bo ọwọ́ tí ó fi mú ẹ̀rọ ìgbàlódé wọ inú ìtàn mọ́lẹ̀.

Nínú *My Life in the Bush of Ghosts* (1954), ọmọ ọdún méje kan sá fún àwọn akónilẹ́rú wọ igbó iwin. Irú ìsá bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Abẹ́òkúta: ogun ni ó lé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ogun ni ó sì tú Òwu ká kí wọ́n tó wá bá wọn níbẹ̀ ní 1834. Nínú igbó yìí ni ọmọ náà ti pàdé iwin obìnrin kan tí egbò bo gbogbo ara rẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Iwin náà fẹ́ kí ó máa fi ahọ́n lá egbò òun fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ó ṣí ọwọ́, ọmọ rí ìyá rẹ̀ nílé.

Kò sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. 1959 ni ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. A lè sọ pé dígí onísègùn ni Tutuola kàn pa orúkọ rẹ̀ dà, ṣùgbọ́n èsì yìí yá jù. Nídìí dígí onísègùn, ẹni tí ó mọ awo ni ó ń túmọ̀ ìran fún ògbẹ̀rì. Níhìn-ín, ọmọ náà fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Obìnrin kan gbé ọmọ eléegbò wá bá ìyá rẹ̀, ìyá náà sì já ewé tí ó ń wo egbò fún un. Ọmọ tí ó wà nínú igbó rí ewé náà, òun ni ó sì fi wo iwin sàn. Ìmọ̀ ìyá gba inú ẹ̀rọ kọjá, ó sì dóòlà ọmọ lọ́wọ́ oko ẹrú ọdún mẹ́wàá.

Àbùkù kan wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ kò kan Tutuola rárá (ó sì yani lẹ́nu lọ́dọ̀ ẹni tí ó ti rọ irin rí), nítorí náà ni ó fi ṣòro láti kà á mọ́ àwọn tí ń kọ ìtàn-àròsọ ajẹmọ́-sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara iwin dá, tí ó tún ṣí àtẹ́lẹwọ́, tí ọmọ sì wò ó, abẹ́ igi eléso tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í sí lọ́jọ́ ogun ni ó bá ara rẹ̀. Ohun ìwòran ti di ọ̀nà àbọ̀ sílé, iṣẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn pàápàá kò lè ṣe.