Ta Ni Ó Tọ́ Ọbẹ̀ Wò? Àyẹ̀wò Ìlànà Agile

Ní oṣù kejì ọdún 2001, àwọn ènìyàn 17 tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà pàdé ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ìwé kékeré kan tí ó di òfin fún ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ wọn. Agile ni wọ́n pe ìlànà náà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kí a má ṣe dúró títí gbogbo iṣẹ́ yóò fi parí kí a tó gbé e fún ẹni tí ó bẹ̀ wá níṣẹ́. Kí a ṣe ìwọ̀nba tí ó lè wúlò, kí a fi hàn án, kí a gbọ́ àríwísí rẹ̀, kí a sì tún un ṣe. Ìmọ̀ràn náà dára: ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná kì í kábàámọ̀ iyọ̀ nígbà tí a bá bù ú tán.

Èdè Yorùbá ti rí irú iṣẹ́ báyìí rí. Ní 1850 ni ìtumọ̀ Ìwé Róòmù ti Àjàyí Crowther jáde. Abala ń tẹ̀lé abala, ìpàdé lórí àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní 1875, odindi Bíbélì kò sì parí títí di 1884. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yìí, ilẹ̀kùn Ìjẹ̀bú fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní títì pa sí àwọn òjíṣẹ́ ìjọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892 ni ó tó ṣí. Kì í ṣe ọjà Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti dán abala wọ̀nyẹn wò. Èdè Ọ̀yọ́ ni ó di òpómúléró èdè ìwé.

Níhìn-ín ni àléébù ìlànà agile wà. Ó ní kí a bá oníbàárà ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ni bí a ó ṣe mọ ẹni tí a kò pè. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ètò tí yóò máa kọ orúkọ àwọn ọmọ regbẹ́regbẹ́ sílẹ̀ fún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó tọ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí ó sì máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí ó bá jẹ́ akọ̀wé tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń bi léèrè, àtúnṣe mẹ́wàá yóò kàn mú ètò náà bá akọ̀wé lára mu sí i ni. Ìyá àgbà tí ń sọ ojúlówó Ìjẹ̀bú, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, yóò ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, kì í ṣe iye ìgbà tí a tún iṣẹ́ ṣe ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n ìlànà yìí, bí kò ṣe àwọn tí a jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọbẹ̀ náà wò kí a tó sọ ìkòkò kalẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jìnnà jù sí ti oníṣẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pè.