Ta Ni Ó Mọ̀ Pé Ọ̀lẹ Ni?

Bọ́ọ̀lù kan wà tí a ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n tí wọ́n so sókè. Básíkẹ́ẹ̀tì ni orúkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ni fún àwọn tí ń gbá a, owó tabua ni wọ́n sì ń gbà. Nítorí owó yìí, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu olùwòran, lẹ́nu oníròyìn, àní lẹ́nu ọ̀gá wọn pàápàá: "Ọ̀lẹ ni. Kò fẹ́ ṣiṣẹ́." Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà máa ń kọjá ohun tí ojú rí.

Ẹ wo Hakeem Ọlájuwọ́n. Ọmọ Yorùbá ni, Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1963. Ó di òpó ẹgbẹ́ Houston Rockets. Ní oṣù kẹta ọdún 1992, ó ní iṣan ẹ̀yìn itan ń dun òun, òun kò lè ṣeré. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní irọ́ ni, ó ń díbọ́n ni. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ayé sì gbọ́. Inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tí ó ní òun fẹ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n parí ìjà. Ní ọdún 1994, òun ni wọ́n yàn ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife. Wọ́n tún gbà á ní 1995.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ife náà ni ẹlẹ́rìí Hakeem. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ife 1994 kò lè jẹ́rìí sí ẹsẹ̀ 1992. Níbi àáró, a lè ka ebè. Bí ẹnì kan bá kọ 20 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ 40, ẹ sọ ọ́ sí i létí, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, ta ni yóò wọ inú ẹ̀yìn náà lọ wò?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Kevin Durant ti ẹgbẹ́ Golden State Warriors fi ẹ̀yìn ojúgun ṣèṣe. Ó lé ní oṣù kan tí kò fi ṣeré. Kíkùn bẹ̀rẹ̀: ṣé kò tíì san ni, àbí ara rẹ̀ ni ó ń ṣọ́? Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, ó wọlé ní Toronto. Ìṣẹ́jú 12 péré ni ó lò. Iṣan ńlá òkè gìgísẹ̀ rẹ̀ já, kò sì lè ṣeré kankan ní sáà tí ó tẹ̀lé e. N kò sọ pé kíkùn ni ó já iṣan náà. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń kùn rí èsì ìbéèrè wọn.

Olùwòran náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ó sanwó, ó ti ọ̀nà jíjìn wá, ó wá bá gbajúmọ̀ tí ó fẹ́ wò lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní ó ń sinmi. Nítorí èyí, NBA, àjọ tí ń darí ìdíje náà, ṣe òfin kan ní 2023: nínú eré 82 tí ẹgbẹ́ ń ṣe ní sáà kan, ẹni tí kò bá kópa nínú 65 kò lè gba àwọn oyè ńlá, àfi bí ó bá ní àwíjàre tí òfin gbà. Mo fara mọ́ èyí. Kò wá inú ọkàn ẹnikẹ́ni wò, ebè ni ó ń kà. Ẹni tí ó ṣèṣe ní tòótọ́ lè pàdánù oyè nítorí rẹ̀, ó sì dun ni. Ṣùgbọ́n òfin náà kò pè é ní ọ̀lẹ.