Ojú Yó, Ebi Ń Pa Etí: Àyẹ̀wò Ìlò Èdè Nínú Díẹ̀ Lára Àwọn Fíìmù Ìtàn Àtijọ́ Ti Òde Òní

Ìfáàrà

Iṣẹ́ àmúṣe kan tí a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì ni ó bí ohun tí a fẹ́ sọ yìí. A ní kí oníkálukú wọn kó ọfọ̀ méjì jọ, kí ó sì ṣe àlàyé ọnà-èdè tí ó wà nínú wọn. Èrò wa ni pé wọn yóò lọ bá àwọn àgbà ní ìlú wọn, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìyìn, ní Ìgèdè, ní Ìfàkì àti ní Adó fúnra rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ dé ọwọ́ wa, a rí i pé inú fíìmù ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti da ọfọ̀ wọn kọ. Èyí nìkan kò tó ohun tí à ń bínú sí, nítorí pé fíìmù náà jẹ́ orísun ìmọ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì ni ọ̀rọ̀ náà tó dé mi lára. Àwọn ọmọ náà ti wá ọnà-èdè títí, wọn kò rí i, wọ́n sì ń tọrọ àforíjì nínú ìwé wọn. Wọn kò jẹ̀bi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè rí.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́: òǹwòran ni mí kí n tó di olùkọ́. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé aládùúgbò wa kan tí ó ní tẹlifíṣọ̀n ni a máa ń kó ara wa lọ láti wo eré Jímọ̀ Àlíù, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àwòrò. Tí Yánpọnyánrin bá parí, a ó máa fi ẹnu ara wa ja ìjà náà lójú ọ̀nà títí tí ìyá wa yóò fi pè wá wọlé. Bàbá náà papòdà ní Adó-Èkìtì yìí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Nítorí náà, kì í ṣe pé mo dúró lókèèrè na ìka sí àwọn òṣèré. Ẹni tí ó ra dátà, tí ó jókòó tì wọ́n di òru, ni ó ń sọ̀rọ̀.

Láti orí ìtàgé dé orí fóònù

Ìtàn yìí kò ní gba àkókò wa púpọ̀, nítorí àwọn ẹlòmíràn ti kọ ọ́ dáadáa. Àwọn eléré alárìnkiri ni ó gbé fíìmù Yorùbá dìde. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí wọ́n bí ní Òkè-Mẹ̀sí kan náà ní ọdún 1925, wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà fún eré orí ìtàgé kí ó tó kú ní ọdún 1973. Àjàní Ògún jáde ní ọdún 1976, Aiyé ti Hubert Ògúndé tẹ̀ lé e ní ọdún 1979. Ọ̀run Móoru tí Moses Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sàlá, gbé jáde ní ọdún 1982 bọ́ sọ́wọ́ àwọn afọwọ́rá tí ń ṣe àdàkọ, gbèsè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọkùnrin náà mì. Fídíò dé, àwo pẹlẹbẹ dé, àwọn tí ń tà á sì tẹ́ pẹpẹ wọn láti Òkèṣà dé Ọjà Ọba. Lónìí, orí fóònù àti Netflix ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń wo fíìmù.

Owó ńlá tí ó tẹ̀ lé àyípadà yìí ni ó jẹ́ kí a rí àwọn fíìmù ìtàn àtijọ́ tí à ń wò báyìí. Ẹ̀rọ ayàwòrán dára, aṣọ dára, ẹṣin pọ̀, ààfin sì jọ ààfin. Ojú òǹwòran yó. Ohun tí à ń bèèrè ni oúnjẹ etí.

Ṣaworoidẹ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n

A kò lè wọn nǹkan láìsí òṣùwọ̀n. Èyí tí a mú ni Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí. Nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn fi ń sinmi láàárín ìjà méjì. Ọ̀rọ̀ gan-an ni ìṣẹ̀lẹ̀. Lápité kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́, kò bá ìlú Jogbo mulẹ̀. Ìbúra tí kò wáyé yìí ni gbogbo ìyókù ìtàn dá lé. Nígbà tí Lágátà fi ìbọn gba adé, ìlù tí ó ń fọhùn bí ènìyàn ni ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí tí ó ṣe Ọ̀pálábá kò mú idà, kò yin ìbọn, síbẹ̀ òun ni etí ń retí ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti yọ. Ọmọ Ìfisìn-Èkìtì, Peter Fátómilọ́lá, ń bẹ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Amawomárò. Bí ó bá sọ̀rọ̀, a ó mọ̀ pé ẹni tí ó gbọ́ Ifá ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé Kúnlé Afọláyan ni ó ṣe Arẹ̀sẹ̀, ọmọ ọba tí ipò tọ́ sí, nínú fíìmù yìí kan náà. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ gbé Aníkúlápó jáde.

Àwọn fíìmù tí a yẹ̀ wò

Aníkúlápó (2022) ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Ìtàn Sàró aláṣọ-òfì tí ó bá olorì Aláàfin ṣe ìṣekúṣe, tí wọ́n pa, tí ẹyẹ Àkàlà sì jí dìde, ní ìṣọwọ́hun àlọ́ lára: a mọ̀ pé ẹni tí ó gba àdó tí ń jí òkú yóò fi ìwọra ba ara rẹ̀ jẹ́, síbẹ̀ a kò lè dìde. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé tí ó ṣe Awarun fi ohùn rẹ̀ kún inú àwòrán náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dá a padà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n tí Sàró àti Arólákẹ́ bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ìfẹ́, èdè tí ó ń dún sí mi létí ni èyí tí ọ̀dọ́ méjì lè sọ ní Ajílóṣun lánàá. Nínú irú àwọn fíìmù wọ̀nyí, a máa ń gbọ́ gbólóhùn bí i "mo wà níbí fún ọ" tàbí "fún mi ní àyè mi". Ẹ̀hun rẹ̀ jọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó lóyún rẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán ni a kọ́kọ́ kọ, tí a wá ń wá Yorùbá tí yóò bá a mu.

Ti Ẹlẹ́ṣin Ọba (2022) le ju èyí lọ, nítorí orí ọ̀rọ̀ ni gbogbo ilé náà dúró lé. Biyi Bándélé tí ó darí rẹ̀ kú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, kí fíìmù náà tó dé ojú agbo ní Toronto ní oṣù kejì rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó fi dágbére kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Eré Wọlé Ṣóyínká ti ọdún 1975 ni ó gbé kalẹ̀, ó sì dá eré tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ padà sínú èdè tí ó ti wá. Ìṣọ̀lá ti ṣe ìtumọ̀ eré yìí ṣáájú, Ikú Olókùn-Ẹṣin ni ó pe tirẹ̀ ní ọdún 1994, ẹni tí ó bá kà á yóò rí bí Yorùbá ti lè gbé ẹrù náà láìmikàn. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù. Nínú eré, adùn ẹnu Ẹlẹ́ṣin ni ó fi ń dá ikú dúró. Òun àti Olóhùn-Iyọ̀ ń pa òwe, wọ́n ń pìtàn, ọjọ́ ń lọ, àwa òǹkàwé náà ń gbádùn ìfàsẹ́yìn náà títí tí a fi di alájọpín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Fíìmù tí kò tó wákàtí méjì gé ọ̀rọ̀ yìí kúrú. Nítorí èyí, obìnrin nìkan ni ó dá Ẹlẹ́ṣin dúró. Ó wá di ìtàn ọkùnrin oníṣekúṣe kan. Ọ̀dúnladé Adékọ́lá, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ọ̀tùn-Èkìtì, ní agbára láti gbé odindi ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò fún un ní ọ̀rọ̀ tó.

Mi ò ní pẹ́ lórí House of Ga'a (2024) tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí. Ẹni tí ó ti fi Baṣọ̀run Gáà Fálétí ṣe ìdánwò rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ tí ó bá wò ó: ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, èrò inú Gáà kò pọ̀.

Ìyá mi ni ó jẹ́ kí n rí àbùkù Jagun Jagun (2023). Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, èmi àti màmá jọ ń wò ó. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe Ògúndìjì, jagunjagun tí àwọn ọba ń sá fún tí wọ́n sì tún ń bẹ̀ lọ́wẹ̀, ó ṣe é dójú àmì. Ìtàn olóṣèlú òde òní ni mo ń rí nínú rẹ̀. Látìfù Adédiméjì ni Gbọ́tìjà, ọmọ tí ó ń bá igi sọ̀rọ̀ tí igi sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí pípe ọ̀rọ̀ náà gbóná, màmá dẹ etí sílẹ̀, ó ní, "Kí ni ó wí?" Mo dá a padà. Ó tún gbọ́ ọ, ó ní, "Hàá, ariwo ni."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ohun tí ọfọ̀ fi ń jẹ́ ọfọ̀ kì í ṣe pé a yára pè é tàbí pé a lọgun. Pierre Verger fi hàn nínú ìwé rẹ̀ Ewé (1995) pé sílébù tí ó wà nínú orúkọ ewé ni ó máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń rán an níṣẹ́. Bí a bá fẹ́ kí nǹkan gbé nǹkan, a ó lọ bá ewé gbégbé. Orúkọ nǹkan ni a fi ń bá nǹkan ṣe àdéhùn. Ẹ wá wo Gbọ́tìjà: ẹnu ni ohun ìjà rẹ̀, igi ni ọmọ-ogun rẹ̀. Kò sí akọni tí ìtàn rẹ̀ pe òǹkọ̀wé tó báyìí láti lo igi bí orúkọ rẹ̀ ti rí, kí ìrókò gbọ́ tirẹ̀, kí àràbà gbọ́ tirẹ̀. Fíìmù náà fi agbára kọ̀ǹpútà mú kí igi rìn, kò sì sọ ohun tí a bá igi sọ tí ó fi rìn. Ibí yìí ni iṣẹ́ àmúṣe àwọn ọmọ wa ti forí ṣánpọ́n.

Ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún Fábùnmi?

Ọ̀rọ̀ kejì tí màmá sọ ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rò di òní. Nígbà tí mo ka orúkọ àwọn fíìmù yòókù fún un, ó ní, "Gbogbo ọba ayé yìí, ṣé Ọ̀yọ́ nìkan ni wọ́n ti ń jẹ ni?" Èkìtì ni ó fi sọ ọ́. Èmi ni mo yí i sí Yorùbá àjùmọ̀lò nítorí ìwé yìí. Ẹ ò rí i pé èmi náà wà nínú ẹjọ́.

Nínú mẹ́rin tí a yẹ̀ wò, mẹ́ta ni ó ní í ṣe pẹ̀lú ààfin Ọ̀yọ́. Kì í ṣe pé Ọ̀yọ́ kò tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ogun Kírìjì jà láti ọdún 1877 títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Etí ni ogun náà ti gba orúkọ rẹ̀, nítorí dídún àwọn ìbọn ńláńlá ni wọ́n fi sọ ọ́. Fábùnmi tí ó dìde sí ajẹlẹ̀ Ìbàdàn, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ni; ìlú yìí ti ń fara hàn jù nínú iṣẹ́ yìí, ẹ bá mi foríjì í. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ogun yìí ṣe fíìmù olówó ńlá lọ́la, èdè wo ni Fábùnmi yóò sọ? Bí òun àti ajẹlẹ̀ bá ń sọ Yorùbá kan náà, báwo ni ọmọ tí kò mọ ìtàn yóò ṣe gbọ́ pé àjèjì ni ó wá ń pàṣẹ nínú ilé onílé?

Àwọn kan yóò ní Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó so wá pọ̀, pé bí a bá fi ẹ̀ka-èdè ṣe fíìmù, ọjà kò ní tà. Èmi náà ń kọ́ni ní Yorùbá àjùmọ̀lò, mi ò sì ní fi iṣẹ́ mi ṣeré. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán fún ẹni tí kò bá gbọ́; kí ni ó tún ń bà wá lẹ́rù? Ousmane Sembène fi èdè Wolof ṣe Mandabi ní Senegal ní ọdún 1968, nígbà tí Faransé ni owó wà nínú rẹ̀, ayé sì wò ó. Ohun tí ó dùn mí ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá gbọ́ Èkìtì nínú eré, ẹnu ẹni tí a fẹ́ fi ṣẹ̀rín ni a ti ń gbọ́ ọ: ará oko tí ó ṣìnà dé ìgboro, tàbí ìránṣẹ́ tí kò gbọ́ ohun tí ọ̀gá rán an. Ọba kì í sọ ọ́, jagunjagun kì í sọ ọ́. Ọmọ Èkìtì tí ó bá ń wo èyí láti kékeré yóò máa tijú ohùn ìyá rẹ̀, a ó sì tún gbà á sí ẹ̀ka Yorùbá kí ó lè di olùkọ́.

Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, a yí iṣẹ́ àmúṣe náà padà. A ní kí oníkálukú mú ìran kan nínú Jagun Jagun, kí ó gbé ọ̀rọ̀ Ògúndìjì lọ bá àgbà kan nílé, kí wọ́n jọ fi ohùn ìlú wọn sọ ọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ṣe é lọ́nà ẹ̀rù-ò-bà-mí. Ọmọbìnrin kan láti ẹ̀gbẹ́ Ìgèdè wá bá mi ní ọ́fíìsì, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá-ìyá rẹ̀ ti ní kí Ògúndìjì pe ilé ní "ulé", kí ó pe iṣu ní "uṣu". Ọmọ náà ti kọ́ lọ́dọ̀ wa pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí fáwẹ́lì yẹn ń bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí bóyá a ó gé máàkì rẹ̀ tí ó bá kọ ọ́ bí màmá ti pè é. Mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.