Abẹ́ Pákó Ni Àwòrán Ń Gbé

Ẹni tó gbé skateboard kọ́ sára ògiri ti ka ìdajì ìwé, ó sì ti pa á dé. Abẹ́ pákó onítáyà mẹ́rin yìí ni wọ́n máa ń ya àwòrán sí, níbi tí irin àti etí kọnkéré á ti máa ha á. Bí ẹni tó ń gùn ún bá ṣe ń mọ̀ ọ́n gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán á máa bó.

Ìdí nìyẹn tí a fi gba ti Screaming Hand tí Jim Phillips yà fún Santa Cruz ní 1985: ọwọ́ aláwọ̀ búlúù tí ẹnu là sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tó ń ké. Ìlà rẹ̀ nípọn. Bí ìdajì rẹ̀ bá bó dànù, ẹ ṣì máa mọ̀ pé ọwọ́ ni. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pákó tí Damien Hirst fi àmì róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣe fún Supreme ní 2009. Wọ́n dùn ún wò, àmọ́ mímọ́ tí wọ́n mọ́ ni gbogbo agbára wọn. Ha á lẹ́ẹ̀kan, ó di pákó tó dọ̀tí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Sotheby's ta pákó Supreme 248 pọ̀ ní $800,000. Owó ńlá ni o! Ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ kóòdù mọ̀ pé ètò tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò kì í fi àṣìṣe hàn. Ìyẹn ò ní kó dáa.

Kí ló wá kan àwa ọmọ Ìlàjẹ níbẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ìlú etí omi wa, orí afárá pákó la ti ń rìn, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló yí wa ká. Táyà kékeré yẹn ò lè yí níbẹ̀. Àmọ́ skate ti dé tòsí: Jomi Marcus-Bello ti dá WAFFLESNCREAM sílẹ̀ l'Ékòó, Freedom Skatepark sì ṣí ní Accra ní 2021. Lọ́jọ́ kan, ọmọ wa kan á ya Ayétòrò sábẹ́ pákó.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé á ya ọkọ̀ ojú omi, igi àgbọn àti oòrùn tó ń wọ̀, kí àlejò lè rí nǹkan gbé kọ́ ògiri. Ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, tí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lọ, kọjá bẹ́ẹ̀. Kó ya àwọn ilé náà, kó fi ìlà tó nípọn yà wọ́n, kí ẹni tó ń gùn ún l'Ékòó máa fi irin ha wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì máa rí i bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ẹnìkan lè ní: ṣé ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ ọmọ yín ṣòfò ni? Rárá. Fáìlì àwòrán náà wà lórí kọ̀ǹpútà, a lè tún un tẹ̀ nígbà tó bá wù wá. Àwọn ilé tó ti wọ òkun ni kò ní fáìlì.