Kí Ni Ó Fọkàn Sí? Lámèyítọ́ lórí Wíwọn Ìfọkànsí Ẹni tí Ó Ń Rìn

Láti ìgbà tí Hans Berger ti gba iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ ní Jena, ní Jámánì, lọ́dún 1924, jíjókòó jẹ́ẹ́ ni òfin àkọ́kọ́ fún ẹni tí a bá fẹ́ fi EEG yẹ̀ wò. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Iná tí ọpọlọ ń mú jáde kéré púpọ̀. Bí ènìyàn bá ṣẹ́jú, tàbí tí ó yí ọrùn, iná ojú àti ti iṣan yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí ó jẹ wá lógún níhìn-ín ni àwọn ìwádìí tí ó rú òfin náà, àti bí a ṣe ń túmọ̀ èsì wọn.

Debener àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oldenburg tẹ irú rẹ̀ kan jáde lọ́dún 2012. Àkọlé wọn pàápàá ń béèrè bóyá a kò lè mú EEG kékeré, aláìníwáyà, olówó pọ́ọ́kú rìn jáde. Àwọn olùkópa ń gbọ́ ìró kan léraléra. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ìró tí wọ́n gbọ́dọ̀ kíyè sí ń yọjú. Bí ọpọlọ bá dá a mọ̀, ìgbì kan a ga sókè lẹ́yìn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Òun ni à ń pè ní P300. Kọ̀ǹpútà dá ìgbì náà mọ̀ dé ìdá 77 nínú 100 nígbà tí wọ́n jókòó nínú ilé, ìdá 69 nígbà tí wọ́n ń rìn níta. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò jiyàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbì náà kéré sí i nígbà tí wọ́n ń rìn. Ibí ni òǹkàwé tí ń kánjú yóò ti ní ìfọkànsí ti dínkù. A kò gbà. Nínú èdè Yorùbá, bí a bá ní ẹnìkan fọkàn sí, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. A gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tí ó fọkàn sí. Ẹni tí ń rìn ń wo ilẹ̀ tí yóò tẹ̀, ó ń wo ẹni tí ń bọ̀. Ìró nìkan ni P300 yìí wọ̀n. Kò wọn ọ̀nà.

Ìwádìí Ladouce àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stirling, ní Scotland, lọ́dún 2019, gbè wá lẹ́yìn. Kódà nígbà tí wọ́n fi àga oníkẹ̀kẹ́ ti olùkópa, tí kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn rárá, ìgbì náà ṣì lọ sílẹ̀. Ohun tí ojú ń rí tí ó ń kọjá, àti bí ara ti ń mọ̀ pé òun ń lọ, ni ó gba ìpín tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ olùkọ́. Lọ́dún 2019 kan náà, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Jinhua, ní Ṣáínà, wọ́n de ọ̀já EEG mọ́ iwájú orí àwọn ọmọ. Iná pupa: ọmọ fọkàn sí ẹ̀kọ́. Iná búlúù: ọkàn rẹ̀ ti ṣí kúrò. Àwọn ènìyàn fárígá, aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ sì dá a dúró. Lójú tiwa, iná pupa náà kò lè sọ bóyá ìṣirò ni ọmọ ń rò tàbí ojú olùkọ́ ni ó ń ṣọ́ kí ó má baà jẹgba. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ bi ẹni tí ń tà á ni: kí ni ọmọ náà fọkàn sí?