Ìfẹ́ Ha Ni Bí? Lẹ́tà Àjàyí Crowther àti Ọkàn Ìgbèkùn

Àwọn ènìyàn a máa wí pé ìgbèkùn a máa fẹ́ràn ẹni tí ó mú un. Ní ọdún 1973, ọlọ́ṣà kan há ènìyàn mẹ́rin mọ́ inú báńkì ní Stockholm, olú ìlú Swídìn, fún ọjọ́ mẹ́fà. Nítorí pé wọ́n bẹ̀rù ọlọ́pàá ju ọlọ́ṣà lọ, oníṣègùn Nils Bejerot sọ ọ̀ràn wọn di àrùn.

Kí a tó gba èyí gbọ́, ẹ jẹ́ kí a ka lẹ́tà tí Àjàyí Crowther kọ sí Jowett, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S., ní ọdún 1837, nípa bí a ti kó o ní Òṣogùn ní ọdún 1821.

Iyì lẹ́tà náà ni pé kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìrora. Àjàyí wí pé òun fẹ́ fi ọ̀já fún ara òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n àyà òun kò gbà á. Nígbà tí a ti tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó ní òun ti di ògbó nínú oko ẹrú. Ìrètí ilé ti tán, òun sì ń fi sùúrù gba ohun gbogbo. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà ì bá wí pé ó ti fẹ́ràn olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ogun Myrmidon gbà wọ́n ní ọjọ́ 7 oṣù April, 1822, tí a sì de Potogí tí ó rà wọ́n, Àjàyí lù ú ní orí. Sùúrù kì í ṣe ìfẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù olùgbàlà kì í ṣe àrùn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi kọ́ nínú ọkọ̀ náà, wọ́n ṣebí ẹran ènìyàn ni. Ọta àgbá, wọ́n ṣebí orí ènìyàn ni. Wọn kò mọ ẹni tí ó dé.

Àbùkù kan ni àwa rí: kíákíá ni òǹkọ̀wé dá ara rẹ̀ lẹ́bi nítorí lílù náà, kò sì wádìí ohun tí ó ru ú sókè. Bóyá nítorí pé akọ̀wé Ẹgbẹ́ ni yóò kà á.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ọ̀tà àti Sàńgó, ẹ ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Bí ẹni tí a jí gbé bá padà wá ilé, tí ó ní ọ̀kan nínú wọn fún òun ní omi, ẹ má ṣe fura sí i. Ẹrú pẹ̀lú ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀. Omi ni ó ń dúpẹ́ fún, kì í ṣe okùn.