Arìnkiri tí Kò Kí Ènìyàn: Àyẹ̀wò Ìrìn Àìnípinnu nínú Ìwé Méjì tí Teju Cole Kọ

Ìfáàrà

Ọdún 2011 ni ìwé ìtàn àròsọ tí Teju Cole pe àkọlé rẹ̀ ní Open City jáde. Ó gba ẹ̀bùn PEN/Hemingway ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Julius, tí í ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, jẹ́ dókítà tí ó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní New York. Bí iṣẹ́ bá parí lọ́jọ́, a máa jáde rìn káàkiri ìlú náà láìní ibì kan pàtó lọ́kàn, yóò yà síhìn-ín, yóò yà sọ́hùn-ún, títí alẹ́ yóò fi lẹ́. Ìrìn yìí ni àwọn lámèyítọ́ fi ń yin ìwé náà. James Wood fi í wé iṣẹ́ W. G. Sebald, àwọn mìíràn tọ ipasẹ̀ Julius lọ sí ọ̀dọ̀ Baudelaire àti Walter Benjamin, àwọn tí wọ́n fi ìlú Paris ṣe ibùdó ìrònú wọn lórí arìnkiri.

Kò sí irọ́ nínú ìtọpinpin bẹ́ẹ̀. Àmọ́, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ láìwò. Julius ní orúkọ mìíràn tí kì í fi í jẹ́ láàárín ènìyàn, Ọlátúbọ̀sún, èdè tí ó sì sọ ọ́ lórúkọ náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń rìn láìnídìí. Teju Cole fúnra rẹ̀, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Michigan ní 1975, Èkó ni ó ti dàgbà. Èrò tí iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé bí a bá fi ìlànà ìkíni Yorùbá wọn ìrìn Julius, ibi tí ìwé náà ti le jù lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ kà sí àlẹ̀mọ́ lẹ́yìn ìtàn, yóò hàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí òǹkọ̀wé ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nàjú, nasẹ̀, àti ìrìnkurìn

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ìrìn tí kò ní iṣẹ́ nínú. Ènìyàn lè jáde lọ nasẹ̀, ó sì lè jáde lọ nàjú. Nínú èkejì yìí, ojú ni a ń nà, bí ẹni pé ojú pẹ̀lú a máa ká kò bí ẹsẹ̀ tí ó ti jókòó pẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ní ẹ̀gàn nínú. Ìrìnkurìn ni ó ní ẹ̀gàn, àwọn obìnrin ni wọ́n sì sábà máa ń fi bú jù. (Ó yẹ kí ẹni kan ṣe iṣẹ́ lórí èyí lọ́tọ̀, ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930 kún fún ẹ̀rí.)

Ní ilẹ̀ Faransé, Guy Debord kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1956 lórí irú ìrìn kan tí ó pè ní dérive. Kí ènìyàn gbàgbé iṣẹ́ àti àlámọ̀rí tí ó máa ń mú un jáde nílé, kí ó jẹ́ kí ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ àti ohun tí ó bá pàdé máa fà á lọ: ìlànà rẹ̀ nìyẹn. Michel de Certeau, ní 1980, lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ sísọ ti rí sí èdè ni ìrìn rí sí ìlú. Ẹni tí ń rìn ń sọ ìlú náà bí ẹni ń sọ gbólóhùn. Àfiwé ni de Certeau pe èyí. Ní ìlú Yorùbá, kì í ṣe àfiwé rárá. Ẹni tí ń rìn ń sọ̀rọ̀ ní tòótọ́: ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá rìn jìnnà láìsọ nǹkan kan, àwọn tí ó kọjá lára wọn yóò sọ ọ́ fún un, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ nípa rẹ̀.

Àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní arìnkiri irú ti Julius. Àwọn ọdẹ inú Fágúnwà ní ibi tí wọ́n ń lọ, títí kan Ìrìnkèrindò (1954) tí orúkọ rẹ̀ ìbá mú ènìyàn rò bẹ́ẹ̀. Lápàdé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí dá sílẹ̀ nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) ń wá ọ̀daràn. Èyí tí ó sún mọ́ ọ jù ni ìròyìn ìrìn-àjò tí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn Èkó máa ń kọ ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930. Nínú wọn, òǹkọ̀wé ń wo ìlú onílùú, ó ń ròyìn títì àti ilé. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ti àwọn tí wọ́n gbà á lálejò àti àwọn tí ó jẹ ní gbèsè ọpẹ́. Lójú òǹkàwé òde òní, irú àtòkọ bẹ́ẹ̀ lè súni. Síbẹ̀, èrò kan wà nídìí rẹ̀: a kì í rí ìlú láìjẹ́ pé ẹnìkan fi í hàn wá.

Àpẹẹrẹ Ojówò

Ojówò jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú márùn-ún tí wọ́n para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn yòókù ni Òkè-Sọ́pẹ́n, Òkè-Àgbò, Àtìkòrí àti Jápárà. Ẹni tí ó bá kúrò lójú títì ọlọ́dà níbẹ̀ tí ó gba àárín ilé wọlé yóò rí i láìpẹ́ pé ọ̀nà tí òun ń tọ̀ kò ní orúkọ lára pátákó kankan. Ẹ̀yìnkùlé ilé kan ni, iwájú ilé mìíràn sì ni. Orúkọ baálé tàbí ti agbo ilé ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń júwe rẹ̀, nítorí náà kò sí bí àlejò ṣe lè mọ ibi tí òun wà láìbéèrè.

Ẹni tí ń yan gààrí lábẹ́ àtíbàbà yóò gbójú sókè. Bí àlejò bá mọ ìwà, òun ni yóò kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́. Bí ó bá dákẹ́, olúwa rẹ̀ yóò ràn án lọ́wọ́: "Ẹ kú ìrìn o." Ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e kì í pẹ́: "Ilé ta lẹ ń wá?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìṣọ́ra wà nínú rẹ̀, àánú sì wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ilé ta lòun ń wá lè jẹ́ ẹni tí ó sọnù. Bí àlejò náà bá wá dáhùn pé òun kò wá ilé ẹnikẹ́ni, pé òun kàn ń nàjú ni, kò ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Wọ́n lè ní kí ọmọdé kan sìn ín dé ìta. Báyìí ni ìrìn àìnípinnu ṣe ń di ìrìn tí ó ní ẹlẹ́rìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn Debord lè sọ pé ìyọnu ni èyí, pé kò jẹ́ kí ènìyàn ní òmìnira láti sọnù. Òtítọ́ ni. Ilẹ̀ tí ojú pọ̀ sí máa ń ni aráalé lára, pàápàá ọ̀dọ́ àti obìnrin, kò sì sí ìdí tí lámèyítọ́ fi ní láti sọ abúlé di ọ̀run. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun kan tí wọ́n ń sọ nípa àlejò: ó lójú, kò fi í ríran. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ta ko arìnkiri ti Paris jù, nítorí pé lọ́dọ̀ tirẹ̀, àjèjì ni ó ríran jù lọ.

Julius àti àwọn tí ń kí i

Ó wá yẹ kí a wo bí Julius ṣe ń ṣe sí ìkíni. Nínú ìwé náà, ó wọ ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà kan lọ wo àwòrán John Brewster, ayàwòrán tí ó jẹ́ adití láti ìgbà ìbí rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn àwòrán náà wọ̀ ọ́ lára. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó jáde sí ojú títì, ó wọ takisí, kò sì kí awakọ̀. Ọmọ Áfíríkà ni awakọ̀ náà. Inú bí i, ó sì bi í pé èwo nìyẹn, ṣé àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ Áfíríkà ni? Julius bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ náà kò ti inú wá. Ohun tí ó dùn ún ni pé wọ́n fẹ́ fi tipátipá sọ òun di ará wọn. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, Kenneth, ọmọ Barbuda tí ń ṣọ́ ilé ìṣúra yẹn, bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ó ti ń mu ọtí. Ìyẹn náà ń sú u. Nígbà mìíràn, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ kan pè é ní arákùnrin, ó sì ké ewì sí i létí. Julius pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun yóò máa yẹra fún ilé ìfìwéránṣẹ́ náà láti ọjọ́ yẹn lọ.

Kò yẹ kí lámèyítọ́ gàn án jù lórí èyí. Ó ní ẹ̀tọ́ láti má ṣe fẹ́ kí awọ ara òun di àwáwí fún ẹbí tí òun kò yàn. Ìwé náà pàápàá fún un ní àwíjàre: àwọn ọ̀dọ́kùnrin dúdú tí òun àti wọn ti wo ara wọn tìyẹ́-tìyẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n padà wá lù ú, tí wọ́n ja á lólè. Ojú lásán kì í ṣe ìkíni. Ìyàtọ̀ yìí ni Julius kò rí.

Ohun tí ó tún yẹ kí ó yani lẹ́nu ni pé ẹni tí ó ń sá fún alààyè yìí ń ṣe pẹ̀lẹ́ fún òkú. Ìrìn rẹ̀ gbé e dé itẹ́ àwọn ẹrú Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ Manhattan, èyí tí àwọn tí ń kọ́ ilé ìjọba ṣàdédé kàn ní 1991, tí wọ́n sì hú egungun tí ó lé ní ti irínwó ènìyàn jáde níbẹ̀. Julius dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó ronú. Abala yìí lẹ́wà, kò sì sí ẹni tí ó lè kà á láìjẹ́ kí ó wọ òun lọ́kàn. Ṣùgbọ́n òkú kì í béèrè ilé ẹni tí à ń wá.

Moji ni ó béèrè. Inú ilé ìtajà oúnjẹ ni ó ti rí Julius. Òun ni ó dá a mọ̀, òun ni ó kọ́kọ́ kí i, Julius kò sì rántí rẹ̀ rárá. Àbúrò Moji ti jẹ́ ọ̀rẹ́ Julius nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ìwé ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìwé ń lọ sópin ni Moji tó sọ fún un, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àríyá kan, pé nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún 15, tí òun Julius sì kéré sí i ní ọdún kan, ó fi ipá bá òun lò pọ̀ ní Èkó. Ó ní òun kò gbàgbé fún ọjọ́ kan. Ìdáhùn Julius ni ó burú jù. Kò jẹ́wọ́, kò sẹ́. Ó sọ ìtàn kan nípa Nietzsche fún òǹkàwé, ó lọ gbọ́ orin Mahler, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ.

Àwọn tí wọ́n ka ìwé náà sí ìyìn fún ọmọ aráyé tí kò ní ààlà kò mọ ohun tí wọn yóò fi Moji ṣe. Bí ó ti rí lójú wọn, ńṣe ni òǹkọ̀wé kàn ju òkúta sínú omi tí ó tòrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka takisí yẹn pẹ̀lú etí Yorùbá kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti rí i pé ẹsẹ̀ Julius ń sáré kúrò níwájú ẹnikẹ́ni tí ó bá lè sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ìlú tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ni ó ń wá. Ìrìn náà fúnra rẹ̀ ni ìsápamọ́. Nítorí pé Julius ni ó ń sọ ìtàn, òǹkàwé ti bá a rìn, ó ti fi ojú rẹ̀ wo gbogbo nǹkan, ó ti gbádùn rẹ̀, kí Moji tó yanu. Níbi tí Cole ti gbọ́n nìyí, ibẹ̀ náà ni ìwé yìí ti ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fi í wé lọ.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà

Every Day Is for the Thief, tí Cassava Republic tẹ̀ jáde ní 2007, tí wọ́n sì tún tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2014, ni Cole kọ ṣáájú. Onítàn tí kò lórúkọ padà wá sí Èkó láti New York. Ìbínú pọ̀ nínú ìwé náà: owó ẹ̀yìn, danfó, àwọn ọmọ ìta, ilé ìṣúra Oníkàn tí ó ṣófo. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, onítàn ń ṣe bí adájọ́ tí ó ti mọ ẹjọ́ kí ó tó dé ilé ẹjọ́, ìyẹn sì jẹ́ àbùkù. Ìparí rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀. Níbẹ̀, ó rántí ọjọ́ kan tí òun ń rìn láìmọ ibi tí òun ń lọ, tí àwọn ọ̀nà tóóró gbé òun dé ibi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń kan pósí. Ibẹ̀ tutù, iṣẹ́ náà ń lọ ní ìrọ̀rùn, igi tuntun wà kiri. Ó wù ú láti yọ kámẹ́rà kí ó ya wọ́n. Kò yà wọ́n. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà gbójú sókè wò ó.

Ìwé tí àwòrán tí òǹkọ̀wé yà kún inú rẹ̀ ni èyí, nítorí náà àwòrán tí kò sí níbẹ̀ tó ohun tí à ń wò. Òwò ìkíyèsí, ìyẹn ìrìn àjèjì tí ń fi ojú kó nǹkan lọ, dé ààlà rẹ̀ níwájú àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí. Bí ó bá jẹ́ pé Ojówò ni, gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò yanjú ìbẹ̀rù náà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìbá gbójú sókè, wọn ìbá sì dá a lóhùn. Ó lè jẹ́ pé wọn ìbá bi í léèrè pẹ̀lú pé ta ni ó kú tí ó fi wá. Ìbéèrè yẹn gan-an ni onítàn náà kò tíì ṣe tán láti dáhùn ní 2007, Julius sì ni ẹni tí Cole padà fi í bi lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.